Bọ́tìnì Tó Wà Lọ́dọ̀ Fúnṣọ́

Ọjọ́ tí Monínúọlá Bámgbóyè kọ́kọ́ bá ọkọ rẹ̀ jà, kò tíì fojú kàn án rí. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Orí tẹlifóònù ni wọ́n ti ja ìjà náà, ní ọdún 1978, máìlì mẹ́ta gbáko ló sì wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé iṣẹ́ tí Monínúọlá ń ṣe, kí a lè ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, tó máa ń yẹ àwọn ohun èlò iná mànàmáná wò kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí àwọn ìlú tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Àwọn tiransifọ́mà ńláńlá ni wọ́n ń yẹ̀ wò, iná tí wọ́n sì ń rán sí wọn lára kì í ṣe iná tí ọmọ èèyàn ń sún mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ ilé páànù kan sí ẹ̀yìn ìlú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Igbemo, tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ ìdíwọ̀n síbẹ̀, tí wọ́n sì fi wáyà tẹlifóònù so gbogbo wọn mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà lórí tábìlì Monínúọlá. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà lórí wáyà náà, kálukú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí Monínúọlá bá jókòó sí Òkè-Ìlá tó pe nọ́ńbà kẹrin, nọ́ńbà kẹrin nìkan ni yóò dáhùn, àwọn yòókù á dákẹ́. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé àwọn ẹ̀rọ yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé ju ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn lọ.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Monínúọlá. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ti pàṣẹ kí iná máa gòkè díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà ń jáde lórí bébà bó ṣe yẹ, àfi lójijì tí gbogbo rẹ̀ já lulẹ̀ sí òdo. Ó pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rọ kò dá a lóhùn. Ó fa tẹlifóònù mọ́ra.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi?"

"Ẹ káàárọ̀, mà," ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti ilé páànù. Òṣìṣẹ́ tuntun ni, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Olúfúnṣọ́ Àlàbí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Igbemo ni.

"Mi ò ní kí ẹ kí mi. Mo ní ta ló tẹ bọ́tìnì?"

"Èmi ni, mà."

Bọ́tìnì kékeré kan wà lójú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó dúró tì í bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà á kúrò lábẹ́ àṣẹ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, á padà sábẹ́ ọwọ́ ẹni tó wà nítòsí. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ rí láti ìgbà tí Monínúọlá ti wà níbẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ wákàtí méjì lẹ bà jẹ́ yẹn?"

"Mo mọ̀, mà. Ìyá àgbà kan gba abẹ́ wáyà ọgbà wọlé, ó ń já ewé eéran lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà. Bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ pè yín, òkú ni à bá máa gbé báyìí."

Monínúọlá fa bébà tó kún fún òdo ya.

"Ìyá náà ńkọ́?" ó béèrè.

"Ó wà níbí. Ó ń bú mi pé mo jágbe mọ́ òun."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ìbínú kò jẹ́ kó rín in. Ó gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó tún pe ọkùnrin náà, ó yí ọ̀rọ̀ po títí kó tó lè sọ pé kó má bínú. Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣe òfin láàárín ara wọn. Kí Monínúọlá tó rán iná lọ, yóò béèrè pé, "Ṣé ọ̀nà mọ́?" Bí Fúnṣọ́ kò bá tíì sọ pé ó mọ́, kò sí nǹkan tó ń lọ.

Gbólóhùn kan péré ni òfin náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi bímọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù karùn-ún, "ó mọ́" kì í dá wá mọ́. "Ó mọ́, mà. Òjò ṣú níbí, ṣé ẹ mú agbòjò dání?" "Ó mọ́. Kí lẹ jẹ láàárọ̀?" Monínúọlá á ní kó dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá sì di ọjọ́ tí Fúnṣọ́ sọ "ó mọ́" lásán, á máa rò ó pé kí ló ṣe é.

Ní oṣù keje, nọ́ńbà kejì bàjẹ́, wọ́n ní kí Fúnṣọ́ gbé e wá sí Òkè-Ìlá. Inú òjò ló bá dé. Ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi wé ẹ̀rọ náà bí ọmọ tuntun, òun fúnra rẹ̀ wá tutù ṣàn. Gbogbo ìgbà tí Monínúọlá ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ọkùnrin gíga ló ń rí lọ́kàn. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kò ga. Ó dúdú, ó kúrú díẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ là.

"Ẹ̀yin ni Mísì Bámgbóyè?"

"Ẹ̀yin ni Fúnṣọ́?"

"Mo rò pé ẹ máa sanra jù báyìí lọ ni. Ohùn yín ló tàn mí."

Ẹ̀rín tí Monínúọlá ti gbé mì láti ọjọ́ ewé eéran bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ọkùnrin náà ṣì ń wò ó, ó sì mọ̀ pé òun ti kó sí i. Ìfẹ́ ọkùnrin yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń gbé tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, máìlì mẹ́ta wá gùn ju bó ṣe máa ń gùn lọ. Ohùn wà lójoojúmọ́, ojú kò sí. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, Fúnṣọ́ gun kẹ̀kẹ́ wá, ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé iṣẹ́.

"Ó yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí láti bí ọjọ́ mẹ́ta," ó wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí wáyà. Mo fẹ́ kí ẹ fẹ́ mi."

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Igbemo?"

"Rárá. Wọ́n máa ń yí i po díẹ̀. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n yí."

Monínúọlá ní òun á ronú sí i. Ó ronú títí Fúnṣọ́ fi gbé kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ máa lọ, ìyẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó wá ní òun ti ronú tán.

Bàbá rẹ̀ kò bínú nígbà tó gbọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bàbá Bámgbóyè, Kátólíìkì paraku, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Fọláyẹmí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ń tọ́ Monínúọlá.

"Ọmọ ta ni?" ó béèrè.

"Ọmọ Àlàbí ni, ará Igbemo. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ló kù. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn. Áńgílíkà ni wọ́n, bàbá mi."

Ó gbọn èérún pákó kúrò lápá. "Èmi ò lè máa lé ará ulé ọkọ kiri. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ ulé yìí, tó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi, tó sì gbà ká ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì mi, ó parí. Bí kò bá wá, èmi ò mọ Fúnṣọ́ kankan."

Ọ̀rọ̀ di ti Ìyá Fúnṣọ́ nìyẹn. Ìyá Fúnṣọ́ sì ní òun kò wá. Ó ní ọmọ òun kò ní fẹ́ Àgùdà, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Kátólíìkì, ó pa ọ̀rọ̀ dé, ó padà sídìí ìrẹsì rẹ̀.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀," Fúnṣọ́ bẹ Monínúọlá. "Mo mọ ìyá mi. Bí a bá tì wọ́n, ṣe ni wọ́n á jókòó."

Ṣùgbọ́n Monínúọlá kì í ṣe ẹni tó ń fún nǹkan láyè. Ẹni tó ń jókòó sí Òkè-Ìlá tó ń darí irin ní máìlì mẹ́ta, kí ló wá le nínú ìyá kan ní Igbemo? Ó lọ bá Àǹtí Fọláyẹmí, ó ní kó ṣe alárinà. Inú àǹtí dùn. Tọkọtaya mẹ́rin ló ti so pọ̀, ọ̀kan péré ló tú.

Gèlè dáadáa kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ìyá Fúnṣọ́ gbà á, ó dúpẹ́, kò sọ nǹkan mìíràn. Àwọn méjèèjì wá gbìmọ̀. Kí ni ẹ̀bùn tí ojú ń rí tí ara ń yá lákòókò yẹn? Gbogbo Adó ló mọ̀ ọ́n. Ìrẹsì òyìnbó ni, èyí tó ń bá ọkọ̀ ojú omi dé, tó funfun báláú, tí kò ní òkúta kan ṣoṣo nínú. Monínúọlá ra àpò kan, ó so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn, ó gbé e lé àǹtí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn kò rí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àǹtí Fọláyẹmí padà dé pẹ̀lú àpò ìrẹsì náà lórí, rìbọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ó tú u," ó wí, ó sì jókòó wìì. "Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi símú. Ó ní, 'Nọ́ọ̀sì, kí lẹ gbé wá yìí?' Mo ní ìrẹsì ni, mà. Ó wò mí. Ó ní, 'Sí Igbemo?' Monínúọlá, ìgbà yẹn gan-an ni mo tó rántí ibi tí mo wà. Òkìtì ìrẹsì ló wà lọ́tùn-ún mi, òkìtì ìrẹsì ló wà lósì mi."

"Kí ló tún sọ?"

"Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ti gbọ́ ohun tí ẹ̀bùn ẹ wí. Ó ní òun mọ̀ pé ìrẹsì tòun ní òkúta nínú, ṣùgbọ́n ìyẹn náà lòun fi tọ́ ọmọ tí o fẹ́ gbà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tẹlifóònù ló ké sí Monínúọlá, kì í ṣe òun ló pè é.

"Ẹ fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí ìyá mi?" Ohùn Fúnṣọ́ kò gbóná, ìyẹn ló sì burú. "Odidi ìlú ló ti gbọ́. Wọ́n ń bi mí bóyá ẹ máa fi omi ránṣẹ́ sódò. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Monínúọlá ro ọ̀rọ̀ náà. Ojoojúmọ́ ni òun ń bi í léèrè kí òun tó rán iná sí irin. Òun wá rán nǹkan sí ìyá tó bí i, òun kò bi í. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń sọ kìkì ọ̀rọ̀ iṣẹ́. "Ṣé ọ̀nà mọ́?" "Ó mọ́." Bí ó bá gbé tẹlifóònù kalẹ̀, a máa jókòó, a máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àbí lóòótọ́ ni òun kì í ṣe èèyàn àfi kí òun máa pàṣẹ? Bí òun bá sì fẹ́ ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ yìí, ṣé kò ní di nọ́ńbà karùn-ún? Ẹ̀rù bà á. Ó sunkún nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò sì rò pé ó bù ú kù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, tí wọ́n ń kórè ìrẹsì, ó pè é.

"Fúnṣọ́, mo fẹ́ lọ kí ìyá yín lọ́jọ́ Sátidé. Èmi nìkan. Ṣé kí n lọ?"

"Ẹ wọ bàtà tí ẹrẹ̀ ò ní bà jẹ́," ó wí.

Ó bá Ìyá Fúnṣọ́ lẹ́yìnkùlé, nídìí àgbá tó fi ń bọ ìrẹsì, èéfín gba ojú gbogbo. Obìnrin náà tín-ín-rín, ó le bí igi obì. Monínúọlá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Ọmọ ulé ta nìyẹn?"

"Monínúọlá ni, mà. Ọmọ Bámgbóyè, ní Òkè-Ìlá."

"Onírẹsì."

"Èmi ni, mà. Mo wá bẹ̀ yín. Mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe."

"Ta ló rán ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi."

Ìyá Fúnṣọ́ wò ó látòkè délẹ̀, ó gbé atẹ kan fún un, ó tọ́ka sí ìrẹsì tí wọ́n ti gún. Bí Monínúọlá ṣe fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, èèpo fò lọ, ìrẹsì tẹ̀ lé e. Àwọn adìyẹ ilé náà kò tíì rí irú oore bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Fúnṣọ́ wò wọ́n títí wọ́n fi ṣà á tán. Nígbà tó ṣe, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú pẹ̀lú atẹ náà, ó sì bá a fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n.

Ó tún lọ ní Sátidé kejì, ó lọ ní ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìgbéyàwó. Sátidé kẹrin ni Ìyá Fúnṣọ́ fi atẹ tirẹ̀ sílẹ̀ lójijì.

"Wọ́n ní uwọ lo ń jókòó ní Adó, tí o ń tan uná sí ibi tí ọmọ mi dúró sí. Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Ọ̀rọ̀ Àgùdà kọ́ lọ̀rọ̀ mi. Mo kàn wí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀ ni." Ó fi etí ìró nu imú. "Abẹ́ igi ni bàbá Fúnṣọ́ kú sí. Ẹni tó wà lókè gé ẹ̀ka, kò wo ẹni tó wà nísàlẹ̀. Èèyàn dáadáa ni ẹni náà, kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó ń sunkún níbi òkú jù mí lọ. Mo wá gbọ́ pé ọmọ mi tún fẹ́ fẹ́ ẹni tó wà lókè."

Monínúọlá gbé atẹ tirẹ̀ náà kalẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn kankan tí ì bá dáhùn ọ̀rọ̀ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un, kò bu iyọ̀ sí i: bí ìyá àgbà kan ṣe wọ ọgbà, bí òun kò ṣe rí i, bí ì bá ṣe kú sí òun lọ́rùn.

"Bọ́tìnì kan wà lójú ẹ̀rọ, mà. Fúnṣọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Bí mo bá pàṣẹ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, tó bá ti tẹ̀ ẹ́, àṣẹ mi ti tán nìyẹn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń dá ẹni tó wà lókè dúró."

"Ṣé ó lè fi í kọ̀ fún ẹ?"

"Ó lè fi í kọ̀ fún mi, mà."

"Ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà?"

"Ó tẹ̀ ẹ́."

"O wá ṣe báwo?"

"Mo bínú, mà. Mo pariwo mọ́ ọn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀ ẹ́."

Ìyá Fúnṣọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti Sátidé mẹ́rin. "Nínú ulé ńkọ́? Ṣé bọ́tìnì á wà níbẹ̀?"

Monínúọlá ì bá parọ́. Irọ́ dídùn wà lẹ́nu rẹ̀.

"Á wà níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní kọ́kọ́ bínú."

Ìyá náà mi orí. Ó ní kó máa lọ kí ọkọ̀ ìkẹyìn tó lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkàn Monínúọlá wúwo dé Adó.

Kérésìmesì kọjá. Ọdún tuntun dé. Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kìíní, Bàbá Bámgbóyè ń fá pákó níwájú ilé nígbà tí ọkọ̀ kan dúró, tí Ìyá Fúnṣọ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àgbàlagbà ọkùnrin méjì láti ìdílé ọkọ rẹ̀. Fúnṣọ́ ló gbẹ̀yìn, àpò ìrẹsì Igbemo wà léjìká rẹ̀.

Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Bàbá Bámgbóyè ṣì ń gbọn èérún pákó kúrò nírun.

"Ẹ ò rán alárinà ṣáájú, ìyá wa."

"Ọmọ yín wá sẹ́nu ọ̀nà mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò rán ẹnìkan. Ó bá mi fẹ́ ìrẹsì. Ìdajì ló fẹ́ fún adìyẹ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹ. Èmi náà fẹsẹ̀ ara mi wá. Ẹ fún mi lọ́mọ yìí, kó wá di ùyàwó ọmọ mi."

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Ṣé ìjókòó wà níbẹ̀?"

"Èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo kàn án."

"Ó dáa nígbà náà. Màá jókòó."

Bàbá Bámgbóyè, tí kì í rẹ́rìn-ín níwájú àlejò, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá.

Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá ń béèrè. Lẹ́ẹ̀kíní, ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í fọhùn. Lẹ́ẹ̀kejì, á wolẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ni yóò tó dáhùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń fipá mú. Inú yàrá ni Àǹtí Fọláyẹmí ti kọ́ ọ títí, tó mú kó tún un sọ.

Monínúọlá wọlé, ó kúnlẹ̀ láàárín ilé. Ó gbójú sókè díẹ̀, ó rí Fúnṣọ́ lórí àpótí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, òógùn ti bò ó. Gbogbo ohun tí àǹtí kọ́ ọ fò lọ lórí rẹ̀.

"Monínúọlá," bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, "àwọn àlejò yìí ní ìwọ làwọn wá bá. Ṣé kí a..."

"Ẹ fún wọn, bàbá mi."

Àǹtí Fọláyẹmí fi gèlè bojú.

"Mi ò tíì béèrè tán o," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì."

Ìyá Fúnṣọ́ dìde. Ó rìn dé ibi tí ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sí, ó fà á dìde, ó sì gbá a mọ́ra gírígírí, tí gèlè fi yẹ̀ lórí àwọn méjèèjì.

"Ẹ má bi í mọ́," ó wí. "Fúnṣọ́ ọmọ mi ti gbọ́. Èmi náà ti gbọ́."